Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Oyin Inú Igbó Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ akọ̀ròyìn sọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn olùkọ́ wa níbi ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́, ní Ajah)

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ wá síbí, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kò dá a dúró, kó yáa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á máa retí ọ̀rọ̀ òṣèlú, nítorí pé iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Pólì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí òṣèlú sinmi díẹ̀ lónìí. Oyin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe oyin inú ìgò tí wọ́n ń gbé kiri nínú gosiló o, bí kò ṣe kòkòrò tó ń ṣe é, àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọn kì í ṣe oyin kankan fún ènìyàn lá, síbẹ̀ tí oúnjẹ wa wà lọ́wọ́ wọn. N kì í ṣe onímọ̀ kòkòrò. Akọ̀ròyìn ni mí, iṣẹ́ mi sì ni pé kí n bi àwọn tó mọ̀, kí n ka ohun tí wọ́n kọ, kí n sì wá ròyìn fún ará ilé.

OYIN KÌ Í ṢE ẸYỌ KAN

Bí a bá ní ká dárúkọ oyin, èyí tó ń ta ni tó sì ń kọ́ afárá ló ń wá sí gbogbo wa lọ́kàn. Ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn o. Àwọn onímọ̀ ti sọ oyin tó lé ní 20,000 irú lórúkọ káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà nìkan, èyí tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lé ní 2,500. Ìdílé ńlá méje ni wọ́n pín gbogbo oyin ayé sí, mẹ́fà nínú méje náà ló wà ní Áfíríkà. Ilẹ̀ Ọsirélíà nìkan ni ìkeje ń gbé.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn oyin wọ̀nyí kò ní ọba, wọn kò ní afárá, wọn kò sì ní ẹgbẹ́. Ìyá kan ṣoṣo ni. Òun ló ń wá ibi tó máa yé sí, òun ló ń kó oúnjẹ sílẹ̀ de ọmọ, òun náà ló sì ń dí ẹnu ihò náà kó tó lọ. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé nínú irú oyin mẹ́wàá, bíi méje ló ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ láti yé ẹyin. Ihò kékeré tí ẹ ń rí lórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn òjò, tí ẹ rò pé èèrà ni, ó lè jẹ́ ilé oyin.

Àwọn mìíràn ń gbé inú igi. Ẹ rántí oyin dúdú ńlá tó máa ń kùn bí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, tó ń dá ihò róbótó sínú igi òrùlé bíi pé káfíńtà ló fi dírì lù ú. Xylocopa ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ohun tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà sì túmọ̀ sí ni agégi. Òmíràn ń fi eyín gé ewé róbótó róbótó láti fi tẹ́ ilé ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kékeré kan wà tí wọn kì í ta ni, tí wọ́n ń gbé inú ihò igi tàbí ògiri amọ̀ àtijọ́. Àwọn wọ̀nyí ń ṣe oyin díẹ̀, àwọn àgbà sì ń wá a fún egbòogi. Gbogbo wọn ni à ń pè ní oyin, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ayé jìnnà sí ara wọn bí ọ̀sà ti jìnnà sí òkè.

TA LÓ SỌ WỌ́N LÓRÚKỌ?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oyin ilẹ̀ wa, ẹni tí kò rí ilé rí ló sọ wọ́n lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí oyin tí gbogbo wa mọ̀. Linnaeus, ará Sweden, ló pè é ní Apis mellifera ní ọdún 1758. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni oyin tó ń gbé oyin wálé. Ní 1761 ọkùnrin náà rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní kòkòrò yìí kì í gbé oyin wálé, omi òdòdó ló ń gbé wá tó sì ń sọ di oyin nínú ilé, ó wá fẹ́ pààrọ̀ orúkọ náà sí mellifica. Kò ṣeé ṣe mọ́. Òfin iṣẹ́ náà ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ló máa ń dúró. Ẹ wo bí ọ̀ràn orúkọ ṣe lágbára tó: ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ pàápàá kò lè gbà á padà.

Ti apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, adansonii ni wọ́n fi kún un. Latreille, ọmọ Faransé, ló ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1804, láti fi yẹ́ Adanson sí, ọmọ Faransé mìíràn tó ti gbé ní Sẹ̀nẹ̀gà fún bí ọdún mélòó kan láti 1749. Oyin tó ń ta àwọn tó ń kọlé ní Badore, orúkọ ọmọ Faransé ló ń jẹ́!

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ọ̀hún ti ń lọ bẹ́ẹ̀. Ní 1909, Friese, ará Jámánì, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí àwọn oyin Áfíríkà, ní èdè Jámánì. Cockerell, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ṣe olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ oyin tó lé ní 5,000 lórúkọ láti gbogbo ayé, ti Áfíríkà sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. A kò bú wọn o, iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣòro méjì ló ti inú rẹ̀ jáde.

Àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní Berlin kò mọ ohun tí ẹni tó wà ní London ń ṣe, wọ́n wá ń sọ oyin kan náà lórúkọ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà mìíràn akọ ń jẹ́ orúkọ kan, abo ń jẹ́ òmíràn, nítorí pé akọ àti abo lè má jọra rárá. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló ń tú ìdì náà títí di òní olónìí.

Ìkejì ló sún mọ́ wa jù. Bí a bá sọ kòkòrò kan lórúkọ, a máa ń fi ẹyọ kan pamọ́ tí yóò máa jẹ́rìí pé èyí gan-an ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí náà ló máa lọ. Àwọn ẹlẹ́rìí oyin ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ wọn ló wà nínú àpótí ní London, ní Paris, ní Berlin, àti ní Tervuren lẹ́bàá Brussels. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú oyin kan ní Ṣàngótẹ̀dó, tó sì fẹ́ mọ̀ dájú bóyá ó ti lórúkọ tàbí kò tíì ní, àfàìmọ̀ kó má gba físà kó tó mọ orúkọ ohun tó mú lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀.

IBI TÍ IṢẸ́ DÉ NÍ ÁFÍRÍKÀ

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a rò pé a kò rí nǹkan ṣe. Ní 2010, Connal Eardley, tó ṣiṣẹ́ ní Pretoria ní South Africa, àti Ralph Urban, kó gbogbo orúkọ oyin ìsàlẹ̀ Sàhárà jọ sínú ìwé kan. Ní ọdún yẹn kan náà, Eardley, Michael Kuhlmann àti Alain Pauly ṣe ìwé mìíràn tí ènìyàn lè fi mọ ìdílé tí oyin kan ti wá. Ṣáájú wọn, ní 2004, Eardley ti tú ọ̀rọ̀ àwọn oyin tí kì í ta ni palẹ̀. Ní Gánà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Kwapong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cape Coast dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àwọn oyin tí kì í ta ni, lẹ́bàá igbó Kakum. Ní Nairobi, ilé ìwádìí kòkòrò tí Thomas Odhiambo, ọmọ Kenya, dá sílẹ̀ ní 1970 ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí oyin di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1980, John Medler, tó bá Yunifásítì Ifẹ̀ ṣiṣẹ́, tẹ ìwé kan jáde tó to orúkọ àwọn kòkòrò Nàìjíríà lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn àpótí kòkòrò wà ní mùsíọ́mù Ilé-Ifẹ̀, ó wà ní Zaria, ó wà lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ igbó ní Ìbàdàn. IITA náà ní àkójọ ńlá kan ní Bẹ̀nẹ̀, lẹ́bàá Kútọnu, ibi tí ọkọ̀ lè gbé wa dé láti Èkó láàárọ̀ kí a sì padà wálé lálẹ́, bí ẹnubodè bá gbà fún wa.

Nítorí náà a ní ìwé, a sì ní àpótí. Ohun tó wọ́n ni ọwọ́. Àwọn tó lè gbé oyin kékeré kan sábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí wọ́n wo iṣan ìyẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wo irun ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ pé lágbájá nìyí, wọn kò pọ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, àwọn mìíràn ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ogún ọdún kọ́ ni, kì í sì í sọ ènìyàn di olówó. Ọmọ wo ló máa yàn án nígbà tí ìyá rẹ̀ ń retí dókítà tàbí lọ́yà?

Àbájáde rẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ayé. Ní 2021, Zattara àti Aizen, àwọn méjì láti Argentina, yẹ àkọsílẹ̀ oyin gbogbo àgbáyé wò. Wọ́n rí i pé irú oyin tí àwọn ènìyàn rí kọ sílẹ̀ láàárín 2006 sí 2015 fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ìgbà tó ṣáájú 1990. Ìròyìn tó ń dẹ́rù bani ni. Ṣùgbọ́n ibi tí àkọsílẹ̀ ti pọ̀ ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Áfíríkà sì wà lára ibi tí àkọsílẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n jù. Ẹni tí kò ka adìẹ rẹ̀ lánàá, báwo ló ṣe máa mọ̀ lónìí pé àṣá ti gbé méjì lọ?

ORÚKỌ KÒKÒRÒ, KÍ LÓ KÀN WÁ?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Akọ̀ròyìn yìí, a kò tíì yanjú owó oúnjẹ, o ń sọ̀rọ̀ orúkọ kòkòrò.” Ó dáa. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ni n óò fi dáhùn, kò sì jìnnà, orí gààrí ni.

Ní 1973, kòkòrò kékeré kan tó dà bí ìyẹ̀fun yọjú lórí ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Kóńgò. Láti Amẹ́ríkà Gúúsù ló ti wá, kò sì ní ọ̀tá kankan níhìn-ín. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì dé Nàìjíríà. Oko tó bá wọ̀ lè pàdánù ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìkórè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ti ebi.

Àwọn onímọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà Gúúsù láti wá kòkòrò náà nílé rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń pa á níbẹ̀. Wọ́n rí ọ̀kan ní apá àríwá, lórí ẹ̀gẹ́, ó jọ ọ́ bí ìbejì. Wọ́n kó àwọn agbọ́n tín-ín-tín tó ń pa á, wọ́n ní ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn agbọ́n náà kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí ti Áfíríkà. Kí ló fà á? Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìsọlórúkọ ló rídìí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ wò ó dáadáa, èyí tẹ́ ẹ rí yẹn pupa rúsúrúsú bí ẹyin, ó sì ní akọ nínú. Ti Áfíríkà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, abo nìkan ni. Irú méjì ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀kan. Ibi tí kò tọ́ ni a ti ń wá a!

Wọ́n tún lọ, wọ́n sì rí òun gan-an ní Paraguay ní 1981. Agbọ́n kékeré tó ń pa á níbẹ̀ ti lórúkọ tẹ́lẹ̀: De Santis, ará Argentina, ló ti sọ ọ́ lórúkọ lopezi láti 1964, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwúlò rẹ̀. IITA sin ín, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín ní 1981 kan náà. Agbọ́n yẹn tàn káàkiri ilẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ Áfíríkà, ó sì ṣẹ́gun kòkòrò náà láìsí pé àgbẹ̀ ra ìgò oògùn kan. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo bó ṣe rí. Àṣìmọ̀ orúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ebi pa wá, ìmọ̀ orúkọ ló sì gbà wá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń po ẹ̀bà, ẹ rántí ọkùnrin tó jókòó sídìí máíkírósíkóòpù ní Argentina ní 1964, tó ń kọ orúkọ agbọ́n kan tí ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ sínú ìwé tí kò sí ẹni tó ń kà á.

Ìbátan agbọ́n ni oyin, inú agboolé kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀dọ̀ oyin padà, ká sì gbé e lọ sí ọjà Ajah, sídìí tòmátì àti ìkàn. Òdòdó àwọn méjèèjì kì í tú ìyẹ̀fun rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú nǹkan kan bí ìgò ló kó o sí, ihò kékeré ló wà lórí rẹ̀. Atẹ́gùn lè mì ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni oyin tó bá fi ẹsẹ̀ di òdòdó náà mú, tó sì gbọn ara rẹ̀ gìrìgìrì títí ìyẹ̀fun fi tú jáde bí iyọ̀ láti inú agolo. Oyin inú afárá wa, pẹ̀lú gbogbo okìkí rẹ̀, kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí. Agégi dúdú yẹn ń ṣe é, àwọn mìíràn tó ń gbé inú ilẹ̀ náà ń ṣe é. Nítorí náà ẹni tó bá ní “oyin ni oyin ń jẹ́, ẹ gbé ilé oyin mẹ́wàá sí oko mi, ó ti tó,” kò tíì mọ ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀. Ẹ̀gúsí àti elégédé náà ń kọ́? Òdòdó akọ lọ́tọ̀, òdòdó abo lọ́tọ̀. Bí kòkòrò kò bá gbé ìyẹ̀fun láti ọ̀kan dé èkejì, kò sí èso.

LEKKI ÀTI AJAH

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí, òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀. Yanrìn ni, àbàtà ni, koríko ni, igbó ni, àti oko àgbọn àti ti ẹ̀gẹ́ láàárín abúlé apẹja. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ mọ̀ ọ́n kí títì tó dé, ẹ lè jẹ́rìí sí i. Lónìí, láti Lekki títí dé Ìbẹ̀jú, ẹ́sítéètì ló so mọ́ ẹ́sítéètì. Wọ́n ti kó yanrìn dà sí àbàtà, wọ́n ti fi kankéré àti òkúta alámọ̀ra bo ilẹ̀ gbalaja. Èbúté ńlá Lekki ti ṣí, ilé ìfọpo Dangote ti ṣí, 2023 ni wọ́n ṣí àwọn méjèèjì. N kò bá ìdàgbàsókè jà, ọ̀pọ̀ wa tó wà níbí, ibẹ̀ la ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé nínú irú oyin mẹ́wàá, bíi méje ló ń gbé inú ilẹ̀. Kankéré kò ní ilẹ̀kùn.

Ibì kan wà tí a fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, dá ọgbà Lekki Conservation Centre sílẹ̀ ní 1990, hẹ́kítà 78 ni fífẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa ń lọ síbẹ̀ láti gun afárá orí igi tó gùn tó mítà 401, ká ya fọ́tò, ká wo ọ̀bọ. Ohun tó dára ni. Àmọ́ nígbà mìíràn tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ náà. Ẹ wo òdòdó kéékèèké tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ka oríṣiríṣi kòkòrò tó bà lé e. Ọ̀bọ ní ẹni tó ń yà á ní fọ́tò. Oyin tín-ín-tín tó dúdú bí èédú, ta ni tirẹ̀?

Mo ń sọ ọ́ nítorí pé eré ìje ni ọ̀rọ̀ yìí ti dà. Katakata ń sáré, ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ ń rìn. Oyin kan lè parẹ́ lórí ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbé ibẹ̀ rí. Bí ènìyàn bá kú, a óò sọ pé lágbájá ti kú. Ohun tí kò lórúkọ, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ gba ẹjọ́ rẹ̀ rò níwájú ìjọba tàbí níwájú ẹni tó ń ta ilẹ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Alága, n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi jẹ́ ẹkún lásán. Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Èkíní: nínú owó tí a ń dá fún ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ jẹ́ ká ra máíkírósíkóòpù kan tó dára àti àpótí tó ṣeé kó kòkòrò sí. Kí àwọn ọmọ máa kó oyin inú ọgbà ilé ìwé jọ, díẹ̀díẹ̀, oṣù dé oṣù. Kò le. Abẹ́rẹ́ kan fún oyin kan, àti bébà kékeré lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sí: ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹni tó mú un. Bí wọ́n bá lè fi òdòdó tó bà lé kún un, ó tún dára sí i. Oyin tí kò ní bébà yẹn, ìdọ̀tí ni lójú onímọ̀. Èyí tó ní in, ẹ̀rí ni fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí wọ́n fi káńfọ̀ sí àpótí náà, kí wọ́n sì gbé e síbi gbígbẹ, nítorí ọ̀rinrin Èkó yìí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Lọ́dọọdún, kí olùkọ́ kan mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí mùsíọ́mù Ilé-Ifẹ̀, kí àwọn àgbà iṣẹ́ bá wa wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù olówó ńlá lọ́wọ́, fọ́tò náà wúlò. Íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi tí ènìyàn lè gbé fọ́tò kòkòrò sí pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti yà á, iNaturalist ni orúkọ ọ̀kan tó ti wà láti 2008. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé fọ́tò ti parí iṣẹ́. Àwọn oyin kéékèèké, abẹ́ máíkírósíkóòpù nìkan la ti ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyẹ̀wò DNA tí Hebert ní Kánádà dá lábàá ní 2003: ó yára, ó sì péye, àmọ́ kò mọ orúkọ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí oyin kan tí ènìyàn ti sọ lórúkọ kó tó lè sọ pé èyí jọ tọ̀hún. Ẹ̀rọ ayé kan kò tíì gba iṣẹ́ olórúkọ.

Èkejì: ẹ fi igun kan sílẹ̀. Nínú ọgbà ilé ìwé, nínú ẹ́sítéètì yín, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí yín. Ẹ má fi òkúta bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igi gbígbẹ kan dúró bí kò bá ní wó lu ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí koríko olódòdó díẹ̀ hù lẹ́bàá ògiri, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń fín oògùn ẹ̀fọn pé kí wọ́n má fín in sórí òdòdó lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oyin wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Bí ọmọ yín bá wálé tó ní kòkòrò ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ló kọ́ wa pé iṣẹ́ tó bá wọ́n lọ́jà ló níyì. Kò sí iṣẹ́ tó wọ́n tó èyí. Bí ẹgbẹ́ wa bá lè ran ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́, ẹyọ kan, láti inú ilé ẹ̀kọ́ yìí, kó lọ kọ́ iṣẹ́ ìsọlórúkọ oyin débi tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà á máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i, a ti ṣe ohun tó ju gbọ̀ngàn tuntun lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ fi yàrá kékeré kan sí i fún àpótí oyin.

Àwọn ará ìta ló ti ń bá wa sọ ọmọ wa lórúkọ láti 1758. Wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Ní báyìí, ilé wà, àwọn ọmọ ilé ti kàwé, ilé náà sì ń yí padà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ilé, ká sọ ọmọ tó kù lórúkọ, kí katakata tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ óò pẹ́ fún wa. Ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́, ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní dahoro. Mo mọ̀ pé jọ̀lọ́ọ̀fù ti ń pè yín. Tòmátì inú rẹ̀ náà, ẹ bá mi kí oyin tó ṣe é.

Ire o.